HND Gíráfíìkì ló wà lọ́wọ́ mi: ṣé kí n lọ gba másítà, àbí kí n fi owó rẹ̀ tún iṣẹ́ mi ṣe?

Ọmọ Yábàá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi nídìí iṣẹ́ dìsáìn. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ.

HND Gíráfíìkì, Upper Credit, ni ìwé ẹ̀rí mi. Mo ti lo ọdún mẹ́rin nílé iṣẹ́ ìpolówó l'Ékòó: lógò, páálí ọjà, pátákó ojú títì, ìwé ìròyìn ọdọọdún. Mo ń fi Figma ya ojú áàpù náà, ṣùgbọ́n n kò tíì jinlẹ̀ níbẹ̀. Másítà ọlọ́dún kan ní Ìlú Ọba ni gbogbo ènìyàn ń sọ pé kí n lọ ṣe, ẹbí sì ti ṣe tán láti ta ilẹ̀ kan sí i.

Kí a tó ta ilẹ̀, mo fẹ́ mọ nǹkan mẹ́ta. Ṣé másítà yìí máa yí irú iṣẹ́ tí mo ń rí àti owó tí wọ́n ń san padà? Ṣé HND á gbé mi wọlé? Tí ẹ bá sì ní kí n má lọ, kí ni kí n fi ọdún kan náà ṣe? Ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn tù mí lójú, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Adarí Ọnà

Àbúrò, ó dára tí o béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kan ilẹ̀.

Nílé iṣẹ́ ìpolówó àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe áàpù, pọtifólíò (àkójọ iṣẹ́ tí o ti ṣe) ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣí. Ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ á wo iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lẹ́yìn náà ni yóò tó ka ibi tí o ti kàwé. Bí iṣẹ́ náà kò bá dáhùn ìbéèrè tó wà lọ́kàn rẹ̀, másítà kò ní gbà á là. Mi ò sọ pé ìwé kò wúlò o. Ibi tó ti ń wúlò ni mo fẹ́ kí o mọ̀, nítorí owó ilẹ̀ kì í ṣe owó tí a fi ń dán nǹkan wò.

Nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fẹ́ mọ ìṣòro tí oníbàárà gbé wá, ipa tìrẹ gan-an níbẹ̀ (bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, sọ èyí tó jẹ́ tìrẹ), ohun tó dè ọ́ lọ́wọ́ bí owó tàbí ọjọ́, àwòrán àkọ́kọ́ tí o pa tì àti ìdí tí o fi pa á tì, kí wọ́n tó wá rí ohun tó jáde. Àbùkù tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn kó ogún lógò jọ láìsí ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ wọn. Èyí tó tẹ̀ lé e ni kí ó tún ojú áàpù báńkì kan ṣe láìbá ẹnikẹ́ni tó ń lò ó sọ̀rọ̀. Ó máa ń lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí nínú rẹ̀ pé ẹni tó ṣe é mọ ìdí tí bọ́tìnì fi wà níbi tó wà. Líǹkì tó ń béèrè àṣẹ kí ó tó ṣí àti PDF tó wúwo tó 80 MB náà ń lé ènìyàn sẹ́yìn. Ẹni tó ní ọgọ́ta pọtifólíò láti wò lọ́jọ́ kan kì í dúró dè é.

Àwọn kan rò pé másítà ló máa kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́. Kíláàsì másítà gbà pé o ti mọ̀ ọ́n ṣe kí o tó dé. Ìwádìí, àríyànjiyàn àti kíkọ ọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ló ń gba àkókò níbẹ̀. Bí fáìlì rẹ bá ń dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú láìní 3 mm tí wọ́n á gé kúrò létí, tí àwòrán inú rẹ̀ sì jẹ́ 72 dpi (tó kéré jù fún ìtẹ̀wé), kíláàsì másítà kò ní bá ọ tún un ṣe. Bí ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ dúdú rẹ̀ bá jẹ́ àdàpọ̀ àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dípò dúdú nìkan, ìwọ̀nba tí àwọ̀ kan bá fi yẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ á di méjì-méjì lójú ẹni tó ń kà á. Bí àpapọ̀ yíǹkì bá kọjá 300% lórí bébà tí kò dán, kò ní tètè gbẹ, ewé kan á sì máa fi àwọ̀ rẹ̀ yí ẹ̀yìn èyí tó wà lórí rẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń kọ́ ìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ ẹni tó mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé DI tẹ̀ dáadáa tó.

Ta wá ni másítà ń ṣílẹ̀kùn fún? Ẹni tó fẹ́ di olùkọ́. Ẹni tó ń ti gíráfíìkì bọ́ sí ẹ̀ka mìíràn tí kò ní iṣẹ́ kankan láti fi hàn níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wọ ẹ̀ka kan tí olùkọ́ rẹ̀ kò pọ̀ láyé. Àti ẹni tó fẹ́ fi ilẹ̀ òkèèrè náà ṣe ibùgbé, èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ físà ju ọ̀rọ̀ dìsáìn lọ. Èwo ni tìrẹ? O kò sọ ọ́.

Olùkọ́ Àgbà

Ẹ kú làákàyè, Adarí. Èmi á mú ọ̀rọ̀ HND.

Nílé níbí, ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í gba HND tààrà sí másítà. PGD (ẹ̀kọ́ àfikún tó ń ṣáájú másítà) ni wọ́n á ní kí o kọ́kọ́ ṣe, ọdún kan lórí ìwé, kí o tó bọ́ sí MA tàbí MFA, tó jẹ́ ọdún kan àbọ̀ sí méjì lórí ìwé. Mo tẹnu mọ́ “lórí ìwé” nítorí ìyanṣẹ́lódì àti alábòójútó tí kò ráyè ka iṣẹ́ máa ń fà á gùn. Fi ọdún mẹ́rin sọ́kàn fún méjèèjì, bó bá yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí o dúpẹ́.

Ní Ìlú Ọba, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ọnà máa ń wo HND Upper Credit papọ̀ mọ́ ọdún tí ènìyàn ti fi ṣiṣẹ́ àti pọtifólíò rẹ̀, kálukú ló sì ń ṣe ìpinnu tirẹ̀. Òmíràn á gbà ọ́. Òmíràn á ní kí o fi ọdún kan sọ HND di BA ná, èyí tí wọ́n ń pè ní top-up, ó sì túmọ̀ sí owó ilé-ìwé ọdún méjì dípò ọ̀kan. Má san kọ́bọ̀ fún aṣojú kankan títí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ á fi fún ọ lésì ní kíkọ. Jámánì le ju bẹ́ẹ̀ lọ: oyè Bachelor ni wọ́n ń béèrè kí ènìyàn tó wọ másítà, inú àkójọ tí wọ́n ń pè ní anabin ni wọ́n sì ti ń wo bí ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè ṣe tó. Má gbójú lé e pé HND á kọjá níbẹ̀.

Ní ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ yunifásítì Ìlú Ọba ń gba C6 nínú WAEC dípò IELTS. Béèrè kí o tó san owó ìdánwò.

Bí o bá ń ronú láti di olùkọ́, gbọ́ èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ní Amẹ́ríkà, MFA ni òpin oyè fún oníṣẹ́ ọnà, ẹni tó ní in lè kọ́ni títí di ọ̀jọ̀gbọ́n. Nílé níbí, PhD ni yunifásítì ń béèrè kí ènìyàn tó lè gòkè. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa sì ń béèrè 60% nínú másítà kí ènìyàn tó wọ PhD, nígbà tó jẹ́ pé 50% ni wọ́n fi ń yege másítà ní Ìlú Ọba. Ẹni tó fi 53% jáde níbẹ̀ ti gba másítà o, ó ti wọ aṣọ, ó ti ya fọ́tò, ṣùgbọ́n ó lè padà délé kó rí i pé ilẹ̀kùn tí òun tìtorí rẹ̀ lọ kò ṣí. Ẹni tó fẹ́ kọ́ni, kí ó yan másítà tó ní ìwé ìwádìí gígùn nínú, kí ó sì fi 60% ṣe ìsàlẹ̀ ohun tí ó ń lé.

Àbẹ̀kẹ́ Manchester

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, kí gbogbo ẹbí lè rí iye tí ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ mú wá. Iye tó wà ní òpin 2025 ni mo ń lò, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì ìjọba kí ẹ tó san ohunkóhun.

Owó ilé-ìwé fún àlejò ní ọ̀pọ̀ yunifásítì lẹ́yìn odi London jẹ́ nǹkan bí £16,000 sí £20,000. Àwọn ilé-ìwé ọnà tó lórúkọ ní London sún mọ́ £30,000 tàbí kí wọ́n kọjá bẹ́ẹ̀. Ká mú £18,000. Owó oúnjẹ àti ilé tí ìjọba fẹ́ rí ní báńkì jẹ́ £1,171 lóṣù fún oṣù mẹ́sàn-án, ìyẹn £10,539. (London: £1,529 lóṣù, £13,761.) Físà, £524. Owó ìwòsàn fún másítà ọlọ́dún kan, £1,164. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £30,227, a kò tíì ka ọkọ̀ òfuurufú, àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti owó ìdáwólé mọ́ ọn.

Owó báńkì yẹn gbọ́dọ̀ jókòó ní àkáǹtì fún ọjọ́ 28 láì lọ sílẹ̀ rárá, ọjọ́ tí ìwé báńkì parí kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ sí ọjọ́ tí o fi ìwé físà sílẹ̀. Bí ó bá fi £5 dín lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n lè dá físà padà. Náírà tó já lulẹ̀ láàárín ọjọ́ 28 náà lè fa èyí, nítorí náà ẹ fi àlékún tó nípọn sí i.

Ohun kan wà tí àwọn dìsáínà kì í mọ̀ títí ó fi ń dùn wọ́n. Físà akẹ́kọ̀ọ́ gbà ọ́ láyè láti ṣiṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí kíláàsì ń lọ, ṣùgbọ́n kò gbà ọ́ láyè láti dá iṣẹ́ ṣe fúnra rẹ. Lógò £100 fún ilé oúnjẹ kan ládùúgbò, o ti rú òfin. Kódà oníbàárà rẹ àtijọ́ l'Ékòó tó ní kí o tún páálí ọjà òun ṣe wà lára rẹ̀, torí inú Ìlú Ọba ni o ti ṣiṣẹ́ náà. Ẹni tó rò pé iṣẹ́ aládàáni ni òun á fi bọ́ ara òun níbẹ̀, ìṣirò rẹ̀ kò pé. Àti pé láti 1 January 2024, ẹni tó ń ṣe másítà oníkíláàsì kò lè mú aya, ọkọ tàbí ọmọ wá mọ́.

Lẹ́yìn másítà, físà Graduate ń fún ọ ní ọdún méjì, ó sì gbà ọ́ láyè láti dá iṣẹ́ ṣe. Àwọn tó bá béèrè fún un láti 1 January 2027 kò ní rí ju oṣù 18 lọ. Tí ìyẹn bá tán, físà òṣìṣẹ́ ló kù: owó ọdún kan £41,700, tàbí £33,400 fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ ipò tí wọ́n ń fi dìsáínà tuntun sí lóde London kò tó £33,400. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di nìyẹn. Ẹni tó mọ̀ pé òun fẹ́ dúró gbọ́dọ̀ ti máa fi pọtifólíò wá iṣẹ́ láti oṣù kẹta tó dé, kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ ìwúyè.

Kí ẹ tó ta ilẹ̀, ẹ wo Chevening, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìlú Ọba ń fúnni. Ó ń san gbogbo owó másítà ọlọ́dún kan, ó ń béèrè wákàtí iṣẹ́ 2,800 (ọdún mẹ́rin rẹ ti kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa), o sì gbọ́dọ̀ padà sílé fún ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ó máa ń ṣí ní nǹkan bí August, ó sì máa ń pa dé ní October.

Ará Atlanta

Kí n fi ti Amẹ́ríkà kún un ní kúkúrú. MFA níbí jẹ́ ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ kan máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ olùkọ́, wọ́n á dín owó ilé-ìwé kù tàbí kí wọ́n mú un kúrò pátápátá, wọ́n á sì máa san owó oṣù kékeré. Béèrè rẹ̀ kí o tó fi ìwé sílẹ̀.

Wo nọ́ńbà CIP (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pín ẹ̀ka ẹ̀kọ́) tí wọ́n á kọ sórí I-20 rẹ, ìwé tí ilé-ìwé ń fún ọ láti fi béèrè físà. 50.0409 ni ti Graphic Design, oṣù 12 péré ló ń fún ọ láti fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. 30.3101 ni ti Human Computer Interaction, ó wà lára STEM (ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò), oṣù 24 sì ń gun orí 12, ó di 36. Ilé-ìwé méjì lè máa kọ́ ohun tó jọra, kí nọ́ńbà wọn yàtọ̀.

Onífọ́ńtì

Adarí mẹ́nu kan ẹ̀ka tí olùkọ́ rẹ̀ kò pọ̀ láyé. Yíya fọ́ńtì jẹ́ ọ̀kan, mo sì gbà pé níbẹ̀ másítà lè tó owó rẹ̀. MA Typeface Design ní Yunifásítì Reading àti TypeMedia ní ilé-ìwé ọnà KABK nílùú The Hague, ọdún kan-kan ni méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ wọn kò pọ̀, fọ́ńtì tí kálukú yà níbẹ̀ sì ni àwọn ilé iṣẹ́ fọ́ńtì ń fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ṣòro láti dá kọ́ nílé.

Èdè wa nílò àwọn tó mọ̀ ọ́n. Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ní ẹ (U+1EB9), ọ (U+1ECD) àti ṣ (U+1E63) ní odidi. Kò ní ẹ́ tàbí ọ̀ ní odidi. Lẹ́tà náà ni kọ̀ǹpútà ń kọ́kọ́ tẹ̀, kí ó tó fi àmì òkè U+0301 tàbí àmì ìsàlẹ̀ U+0300 lé e lórí. Bí ẹni tó ya fọ́ńtì kò bá sàmì sí ibi tí àmì ohùn á jókòó (èyí tí Glyphs àti FontLab, àwọn ètò tí wọ́n fi ń ya fọ́ńtì, ń pè ní anchor), àmì á yẹ̀ sápá ọ̀tún, tàbí kí ó gun lẹ́tà tó kàn, tàbí kí kọ̀ǹpútà lọ yá lẹ́tà náà láti inú fọ́ńtì mìíràn, kí ọ̀rọ̀ kan náà ní ojú méjì. Lẹ́tà ńlá ló tún burú jù: àmì orí Ẹ́ á máa gún ìdí ìlà tó wà lókè. Tẹ “Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́ ń bọ̀” sínú fọ́ńtì èyíkéyìí kí o tó lò ó fún oníbàárà, wàá rí gbogbo rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan.

Ṣùgbọ́n o kò nílò másítà láti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ńtì tó wà lórí Google Fonts wà lábẹ́ SIL Open Font License. Ó gbà ọ́ láyè láti tún un ṣe kí o sì pín in, bí ó bá wà lábẹ́ ìwé àṣẹ yẹn kan náà, tí o kò sì tà á lóun nìkan. Bí ẹni tó yà á bá ti fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, o gbọ́dọ̀ fún tìrẹ ní orúkọ mìíràn. Mú ọ̀kan tí àmì rẹ̀ kò jókòó dáadáa. Fáwẹ̀lì méje pẹ̀lú n àti m, ńlá àti kékeré, àmì méjì: ẹyọ 36 ni gbogbo rẹ̀. FontForge, ètò yíya fọ́ńtì mìíràn, kò gba owó. Ẹni tó bá fara balẹ̀ á ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan láti fi tẹ̀ ẹ́ wò lórí bébà ní ìwọ̀n 8, 10 àti 14.

Ọmọ Yábàá

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Kí n dá Adarí lóhùn: n kò fẹ́ di olùkọ́, n kò sì fẹ́ kó lọ pátápátá. Ojú áàpù ni mo fẹ́ bọ́ sí, ọ̀rọ̀ fọ́ńtì yìí náà sì ti wọ̀ mí lọ́kàn. Ẹ bá mi la ọdún kan náà sílẹ̀, kí n má máa táràrà bí afọ́jú. N kò lè fi iṣẹ́ ojoojúmọ́ sílẹ̀ o.

Adarí Ọnà

Ó ti yé mi. Wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀ ni ká kà, nítorí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Iṣẹ́ mẹ́ta péré, kí o ṣe wọ́n dé ìdí.

Oṣù márùn-ún àkọ́kọ́, mú nǹkan tí o lè fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Àjọ ọjà dára. Lọ bá alájọ méjì àti àwọn ìyálọ́jà mẹ́fà tó ń dá àjọ, kí o kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí sílẹ̀: káàdì, ìwé, ẹni tó gbàgbé, ẹni tó jà. Má fi áàpù kankan hàn wọ́n nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ya á sórí bébà, fi han ènìyàn márùn-ún, kí o dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń lò ó. Ibi tí mẹ́ta nínú márùn-ún bá ti kọsẹ̀, dìsáìn ló jẹ̀bi. Tún un ṣe, fi han márùn-ún mìíràn. Inú oòrùn ni wọ́n ti ń lo fóònù lọ́jà, nítorí náà kí ìyàtọ̀ àwọ̀ ọ̀rọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ má kéré sí 4.5:1, kí bọ́tìnì má sì kéré sí 48 dp (ìwọ̀n tí Android ń lò). Dán an wò lórí Android olówó pọ́ọ́kú. Láti orí fóònù tìrẹ, gbogbo nǹkan ló máa ń dára. Ìwé ìtàn iṣẹ́ yìí nìkan tó láti fi wọlé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Fọ́ńtì tí Onífọ́ńtì sọ ni ìkejì, oṣù mẹ́ta, torí ọwọ́ rẹ kò tíì mọ̀ ọ́n. Ìkẹta, mú iṣẹ́ kan tí o ti ṣe rí fún oníbàárà, gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, kí o sì kọ ìtàn rẹ̀ dáadáa pẹ̀lú àwọn àwòrán tí ẹ pa tì. Èyí kò gbọdọ̀ ju oṣù kan lọ. Oṣù mẹ́ta tó kù wà fún fífi ìwé ránṣẹ́ àti títún ohun tí wọ́n bá tọ́ka sí ṣe. Bí ìwé ogún bá jáde tí ẹnikẹ́ni kò pè ọ́, ojú ìwé àkọ́kọ́ pọtifólíò ni kí o tún wò. Bí wọ́n bá ń pè ọ́ tí o kì í kọjá ìpele kejì, ọ̀nà tí o gbà ń ṣàlàyé iṣẹ́ ló ní àbùkù.

Pọtifólíò yìí kan náà ni wàá fi béèrè fún másítà bí ọkàn rẹ bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Kò sí èyí tó ṣòfò nínú rẹ̀.

Olùkọ́ Àgbà

Bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ transcript lọ́sẹ̀ yìí, yálà o máa lọ tàbí o kò ní lọ. Ó lè gba oṣù púpọ̀ kí ó tó jáde, òun náà ló sì máa ń mú kí ènìyàn pàdánù ọjọ́ tí wọ́n á ti fọ́ọ̀mù.

Nígbà tí o bá ń kọ̀wé sí ilé-ìwé, fi ẹ̀dà èsì HND rẹ àti líǹkì pọtifólíò sí i, kí o béèrè nǹkan wọ̀nyí tààrà: Ṣé ẹ ń gba HND Upper Credit pẹ̀lú ọdún mẹ́rin iṣẹ́ tààrà sí MA yìí, láìsí top-up? Ṣé ẹ ń gba C6 WAEC? Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló wà nínú kíláàsì kan, wákàtí mélòó lọ́sẹ̀ ni olùkọ́ sì ń fi jókòó tì wọ́n? Níbo ni mo ti lè rí iṣẹ́ àṣejáde àwọn ti ọdún tó kọjá? Èló nínú owó ilé-ìwé ni kí n kọ́kọ́ san kí ẹ tó fún mi ní CAS (ìwé ilé-ìwé tí a fi ń béèrè físà), ṣé ẹ ó sì dá a padà bí wọ́n bá kọ̀ mí ní físà?

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, gba ìdáhùn rẹ̀ ní kíkọ, kí ẹ sì fi pamọ́ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀.